Iṣẹ́ Tíátà Kì Í Ṣe Iṣẹ́ Alágbe: Ẹ Wo Táíwò Ajai-Lycett

  A mọ̀ pé fọ́tò àti ìkíni ló máa ń pọ̀ nínú ìwé ìrántí bí irú èyí. Ìyẹn kò burú. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní, bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Bí a ti ń jó tí a ń yọ̀ yìí, ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tó yẹ kí á bá ara wa sọ bí ọmọ ìyá, nítorí pé ọ̀rọ̀ àwọn ọmọbìnrin wa ni.

Ọ̀rọ̀ náà nìyí. Láàrin wa níbí, tí ọmọbìnrin bá gba fọ́ọ̀mù JAMB, tó sì kọ Theatre Arts sí i, ilé á dàrú. Bàbá á ní òun kò bí alágbe. Ìyá á ní ṣé kí wọ́n lè máa pe ọmọ òun ní oníṣekúṣe ni. Wọ́n á tẹ àbúrò bàbá láago ní Ìbàdàn, wọ́n á pe pásítọ̀, wọ́n á pe ààfáà, títí ọmọ á fi lọ yí i padà sí Accounting tàbí Law pẹ̀lú omijé lójú. Àwọn òbí yìí kan náà ló ń jókòó síwájú Africa Magic Yorùbá ní alẹ́ Sátidé. Àwọn kan náà ló ń kó ọmọ lọ sí sinimá ní Jabi nígbà ọdún. Bí òṣèré kan bá wọ gbọ̀ngán lọ́jọ́ ìnáwó, àwọn ni wọ́n á kọ́kọ́ sáré lọ ya fọ́tò. A ní èyí kò dára. A kì í jẹ ọbẹ̀ tán kí á wá bú ẹni tó sè é.

A mọ ìdí tí ẹ̀rù fi ń ba òbí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló bá iṣẹ́ ìjọba wá sí Àbújá. Láti ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1991 tí ibùjókòó ìjọba àpapọ̀ ti kúrò ní Èkó, tìráńsífà ló kó àwọn kan wá, àwọn mìíràn bá ọkọ wá, òwò ló gbé àwọn tó kù dé. A ti gbé yàrá kan pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin, a ti dúró de ọkọ̀ ní ìdájí kí á lè tètè dé Sẹkitéríàtì, a ti rí oṣù tí owó oṣù kò tètè wọlé. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, yóò sá. Ìdí nìyí tí òbí fi ń fẹ́ kí ọmọ òun rí iṣẹ́ tó ní owó oṣù, tó sì ní pẹ́ńṣọ̀n. Ṣùgbọ́n ohun méjì ló yàtọ̀ síra. Bí òbí bá sọ pé, "Ọmọ mi, iṣẹ́ yìí le, ṣé o lè ṣe é?" ìmọ̀ràn nìyẹn. Bó bá sọ pé, "Iṣẹ́ àwọn tí kò níyì ni," ìwọ̀sí nìyẹn.

Àwa tí a fi dípúlómà pólì wọ iṣẹ́ ìjọba mọ bí ìwọ̀sí ṣe ń dunni tó. Ẹni tó ní HND àti ẹni tó ní dìgírì lè jọ jókòó nídìí tábìlì kan fún 20 ọdún, kó jẹ́ pé ẹni tó ní HND ló kọ́ èkejì níṣẹ́. Síbẹ̀, tó bá dé ìpele kan, wọ́n á ní kó dúró síbẹ̀, pé ìwé rẹ̀ kò lè gbé e kọjá ibẹ̀. Wọn kò wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, orúkọ tí ìwé rẹ̀ ń jẹ́ ni wọ́n wò. Bí èyí bá ń dùn wá, kí ló dé tí àwọn òbí kan láàrin wa fi ń fi irú ojú kan náà wo ọmọ tí wọ́n bí nínú ara wọn?

Ẹ jẹ́ kí á mú ẹnì kan ṣe àpẹẹrẹ, ẹni tí ọ̀pọ̀ wa mọ ojú rẹ̀ nínú tẹlifíṣọ̀n ṣùgbọ́n tí a kò mọ ọ̀nà tó gbà. Ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 1941 ni wọ́n bí Táíwò Ajai-Lycett ní Èkó. Ọjọ́ tó pé ọmọ ọdún 35 gan-an, ní 1976, ni ìjọba ṣe òfin tó dá Àbújá sílẹ̀. Ó lọ sí Methodist Girls' High School ní Èkó, lẹ́yìn náà ó rìnrìn àjò lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti lọ kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ètò ìṣòwò. Bí àwọn ọmọ Yorùbá ṣe ń ṣe lókè òkun nígbà náà ni òun náà ṣe. Ó ṣiṣẹ́ ní ilé tíì Lyons, ó ṣe akọ̀wé ní iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́, ó ń kàwé mọ́ ọn. Ní 1969, ó gba HND nínú ẹ̀kọ́ ìṣòwò ní Hendon College of Technology. Ẹ gbọ́ dáadáa o, HND ni, irú èyí tí wọ́n fi ń fojú tín-ín-rín wo àwa náà.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1966, nígbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́ tó ń kàwé, ó kópa nínú The Lion and the Jewel, eré tí Wọlé Ṣóyínká kọ, ní Royal Court Theatre ní Lọ́ńdọ̀nù. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ náà ti wọ̀ ọ́ lára. Àwọn tó rí i gbà á níyànjú pé kó gbájú mọ́ ọn, ó sì fi iṣẹ́ ọ́fíìsì sílẹ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ má rò pé ojú lásán ló fi wọ̀ ọ́. Ní 1972, ó wọ Guildhall School of Music and Drama ní Lọ́ńdọ̀nù lọ kọ́ṣẹ́. Níbi tí wọ́n ti ń kọ́ irú iṣẹ́ yìí, wọ́n á kọ́ ènìyàn bí a ṣe ń mí, bí a ṣe ń dúró, bí a ṣe ń gbé ohùn sókè kó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó jókòó sẹ́yìn pátápátá láìpariwo. Ní 1973, ó ṣeré ní Africa Centre nínú Life Everlasting, eré tí Amadu Maddy ọmọ Sàró kọ. Ní 1976, òun ni olú òṣèré nínú Parcel Post, eré tí Yẹmí Ajíbádé ọmọ Ìlá-Ọ̀ràngún kọ, ní Royal Court tó ti bẹ̀rẹ̀. Nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ló wà láàrin méjèèjì. Ṣé iṣẹ́ ọ̀lẹ nìyẹn?

Ní àwọn ọdún yẹn kan náà ló di olótùú Africa Woman, ìwé ìròyìn àwọn obìnrin Áfíríkà tí wọ́n ń tẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ fara balẹ̀ wo ìgbésẹ̀ yẹn. Lórí ìtàgé, ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn kọ ló ń sọ. Nídìí ìwé ìròyìn, òun gan-an ló ń pinnu ọ̀rọ̀ tí yóò jáde, ọ̀rọ̀ obìnrin láti ẹnu obìnrin.

Nígbà tó padà sílé, kò jókòó tẹtẹrẹ. A rí i nínú Tinsel, eré orí tẹlifíṣọ̀n tó bẹ̀rẹ̀ ní 2008. A rí i nínú Dazzling Mirage, fíìmù tí Túndé Kèlání gbé jáde ní 2014, tó sọ ìtàn ọmọbìnrin tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde àti ojú tí àwọn ènìyàn fi ń wò ó. Ó sì wà lára àwọn obìnrin tó ṣe Hear Word!, eré tí Ifeoma Fafunwa darí lórí ìyà tí obìnrin ń jẹ ní Nàìjíríà, bíi kí ọkọ máa lu aya, kí wọ́n fi ipá bá ọmọdé lòpọ̀, kí wọ́n máa fìyà jẹ opó. Eré náà kúrò ní Èkó, ó dé Harvard ní Amẹ́ríkà, ó dé Edinburgh ní 2019. Ìjọba àpapọ̀ fi oyè OON dá Táíwò Ajai-Lycett lọ́lá. Ìjọba kan náà tí à ń bá ṣiṣẹ́ ni o. Ìjọba rí iyì nínú iṣẹ́ tíátà, bàbá kan ní Life Camp ní òun kò rí i.

Kí ni a fẹ́ fà yọ nínú ìtàn yìí? Ohun tí iṣẹ́ tíátà fún obìnrin yìí ni ohùn. Ohùn yẹn ló mú dé ìdí ìwé ìròyìn, òun náà ló sì fi jà fún ẹ̀tọ́ àwọn obìnrin. Ẹni tó bá ti kọ́ bí a ṣe ń dúró níwájú ẹgbẹ̀rún ènìyàn, kò sí ọ́fíìsì tó máa wọ̀ tí ahọ́n rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu. Ẹni tó bá ti fi ara rẹ̀ sí ipò opó lálaalẹ́ títí omijé fi bọ́ lójú àwọn tó ń wòran, ẹ kò lè sọ fún un pé ọ̀rọ̀ opó kò kàn án. A gbà pé ohùn yìí gan-an ni àwọn kan ń bẹ̀rù. Wọ́n ní ìwà ìbàjẹ́ ló ń bà wọ́n lẹ́rù, ṣùgbọ́n obìnrin tó ń sọ̀rọ̀ níta ni kò bá wọn lára mu.

Kì í sì í ṣe Táíwò ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Adùnní Olúwọlé, ọmọ Ìbàdàn tó dàgbà ní Èkó, ti ń kọ eré, ó ti ń ṣe é, kó tó di oníwàásù àti olóṣèlú. Ní 1954, ó dá ẹgbẹ́ òṣèlú tirẹ̀ sílẹ̀, èyí tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí Ẹgbẹ́ Kóyìnbó-má-lọ. Àwa kò fara mọ́ ọn pé kí Òyìnbó má lọ. Ṣùgbọ́n kí obìnrin kan dúró níwájú àwọn ọkùnrin olóṣèlú ayé ìgbà náà, kó sì sọ tẹnu rẹ̀ láìbẹ̀rù, iṣẹ́ akin ni. Ó kú ní 1957. Mélòó nínú àwọn ọmọ wa ló gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí?

Ẹ tún wo Hubert Ògúndé. Iṣẹ́ ọlọ́pàá ló fi sílẹ̀ tó fi dá ẹgbẹ́ tíátà rẹ̀ sílẹ̀ ní 1945. Wàhálà ńlá ni bí yóò ṣe rí obìnrin bá a ṣeré, nítorí pé àwọn ìdílé kò fẹ́ kí ọmọ wọn gun orí ìtàgé. Nígbà tó yá, ó ń fi àwọn òṣèrébìnrin rẹ̀ ṣaya kí wọ́n má bàa fi í sílẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n ń fojú tín-ín-rín wò yìí kan náà ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi òfin dè ní 1964 nítorí eré Yorùbá Ronú. Ẹ bá wa rò ó. Ìjọba wo ló fi òfin de alágbe nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ rí? Ohun tó lágbára ni aláṣẹ ń bẹ̀rù.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò bá wa jiyàn. Ẹ jẹ́ kí á dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Èkíní, wọ́n á ní ìwà ìbàjẹ́ pọ̀ nídìí fíìmù, pé àwọn onífíìmù kan máa ń fi ìlọ̀kulọ̀ lọ ọmọbìnrin kí wọ́n tó fún un ní ipa nínú eré. A kò ní jiyàn pé kò sí. Ṣùgbọ́n ní 2019, iléeṣẹ́ BBC gbé fíìmù jáde tó fi hàn bí àwọn olùkọ́ yunifásítì kan ní Èkó àti ní Gánà ṣe ń fi ìlọ̀kulọ̀ lọ àwọn ọmọbìnrin tó yẹ kí wọ́n máa kọ́. Ta ni nínú wa tó tìtorí ìyẹn sọ pé ọmọ òun kò ní lọ sí yunifásítì mọ́? A kì í tìtorí olè kí á má ṣòwò. Ohun tó tún burú jù ni pé ọmọ tí òbí ti lé síta nítorí iṣẹ́ tíátà, kò ní ẹni tí yóò pè lọ́jọ́ tí oníwà ìbàjẹ́ bá há a mọ́ kọ̀rọ̀. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ mọ ibi tó ti ń ṣiṣẹ́, tí ìyá rẹ̀ mọ orúkọ ọ̀gá rẹ̀, olúwarẹ̀ á ronú lẹ́ẹ̀mejì kó tó na ọwọ́ sí i. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ìwà ìbàjẹ́ dẹ́rù ba ọmọ yín, ẹ̀yin gan-an lẹ ń ṣí i sílẹ̀ fún un.

Èkejì, wọ́n á ní kò sí owó níbẹ̀. Fúnkẹ́ Akíndélé gba OND ní Moshood Abiola Polytechnic ní Abẹ́òkúta, ó tún ka ìwé òfin ní Yunifásítì Èkó. Fíìmù rẹ̀, A Tribe Called Judah, tó jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, ni fíìmù àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ wa tó pa bílíọ̀nù kan náírà ní ilé sinimá. Kí á má tan ara wa jẹ, kì í ṣe gbogbo òṣèré ló ń rí irú owó bẹ́ẹ̀. A ti rí àgbà òṣèré tó ń tọrọ owó ìtọ́jú. Ṣùgbọ́n a tún ti rí ẹni tó fi 35 ọdún sin ìjọba, tó fẹ̀yìn tì, tó wá ń tò lórí ìlà nítorí pẹ́ńṣọ̀n. Kò sí iṣẹ́ tí kò ní ewu tirẹ̀. Ohun tó yẹ kí òbí ṣe ni kó rí i pé ọmọ kọ́ iṣẹ́ náà dójú àmì, kó sì ní ìwé mìíràn mọ́ ọn lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni Táíwò ṣe, tó gba HND kó tó wọ Guildhall. Yunifásítì tó wà ní Gwagwalada níbí ń kọ́ni ní Theatre Arts. Ọmọ kò nílò kó wọkọ̀ lọ sí Èkó.

Ẹ̀kẹta, wọ́n á ní ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ obìnrin tí àwọn òṣèré ń gbé kiri yìí, ilé ló ń tú. A ní rárá, ìyà ló ń tú ilé. Òfin kan wà tí wọ́n ń pè ní Violence Against Persons (Prohibition) Act. Ọdún 2015 ni Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí i, Àbújá níbí ni ó sì ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Àjọ NAPTIP ni wọ́n gbé iṣẹ́ rẹ̀ lé lọ́wọ́. Òfin náà sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ọkọ tàbí aya máa lu ẹnìkejì, ẹ̀ṣẹ̀ ni kí wọ́n fi ipá lé ènìyàn jáde nínú ilé rẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ ni kí wọ́n fi ìyà jẹ opó lórúkọ àṣà. Mélòó nínú àwọn ìyá wa ní Life Camp ló mọ̀ pé òfin yìí dáàbò bò wọ́n? Bí ẹnì kan bá kà á sétí wa ní ìpàdé láti ojú ewé kìíní dé òpin, oorun á gbé ìdajì wa lọ. Ṣùgbọ́n bí àwọn ọmọ wa bá fi ṣe eré fún 20 ìṣẹ́jú péré, ní èdè Yorùbá, kò sí ìyá tó máa délé tí kò ní rántí. Iṣẹ́ tí tíátà ń ṣe nìyẹn, kò sì sí sákúlà ọ́fíìsì tó lè ṣe é.

Níwọ̀n ìgbà tí ọ̀rọ̀ ti dé ọ̀dọ̀ ìyá, kí á fi kan ẹgbẹ́ wa yìí. Àwọn ìyá wa ló ń tètè jí lọ sí ọjà ẹja ní Kado, àwọn ló ń ro àmàlà fún ọgọ́rùn-ún mẹ́rin ènìyàn, àwọn ló ń ta aṣọ ẹbí. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá ń ka ìṣirò owó, ìdí ìkòkò ni wọ́n wà. Ní oṣù Kẹta ọdún 2022, nígbà tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin da àwọn àbá òfin tó fẹ́ fún obìnrin láyè nù, àwọn obìnrin lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé náà ní Àbújá níbí. Nínú ìdìbò ọdún 2023, obìnrin ni Àbújá yàn lọ sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà. Ìlú tí à ń gbé ti lọ síwájú, kò yẹ kí ẹgbẹ́ wa dúró sẹ́yìn.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a ń béèrè. Àkọ́kọ́, ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ tí ẹgbẹ́ ń fún àwọn ọmọ tó wọ yunifásítì tàbí pólì, kó má ṣe jẹ́ ti ọmọ tó ń kọ́ ìṣègùn, òfin àti ẹnjiníà nìkan mọ́. Ọmọ tó bá wọ ilé ẹ̀kọ́ tíátà pẹ̀lú máàkì gidi, ó yẹ kó rí tirẹ̀ gbà. Èkejì, láti ọdún tó ń bọ̀, kí á fi àyè sílẹ̀ nínú ètò àjọ̀dún fún eré Yorùbá tí àwọn ọmọ wa fúnra wọn kọ, kí á sì sanwó fún wọn bí a ṣe ń sanwó fún olórin tí à ń ná owó lé lórí. Ọmọ tó ń fi gẹ̀ẹ́sì dá ìyá rẹ̀ lóhùn á rí ìdí tó fi yẹ kó gbọ́ Yorùbá. Ẹ̀kẹta, kí ìyá méjì ó kéré tán wà nídìí ìṣirò owó ẹgbẹ́.

Ẹ̀yin òbí, tí ọmọbìnrin yín bá bá yín sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ yìí lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹ má pariwo lé e lórí. Ẹ béèrè ilé ẹ̀kọ́ tó fẹ́ lọ. Ẹ béèrè ohun tó ti kà nípa rẹ̀. Ẹ ní kó dúró níwájú yín, kó ṣe díẹ̀ kí ẹ rí i. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ ó rí i pé kò mọ̀ ọ́n, òun náà á sì rí i. Bó bá mọ̀ ọ́n, ẹ ti ilẹ̀kùn ìwọ̀sí, kí ẹ ṣí ti àdúrà.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí á fi ọwọ́ ara wa pa ẹ̀bùn tó fún ọmọ wa. Ohùn àwọn ọmọbìnrin wa á ròkè, ayé á sì gbọ́ ọ sí rere.